Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìmọ́lẹ̀ Olówó Pọ́ọ́kú fún Fídíò Inú Ilé

    

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò àti ní gbogbo Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbogbo ilé ni. Láyé àtijọ́, bí a bá sọ ọmọ lórúkọ ní ìdálẹ̀, fọ́tò ni a ń fi sínú àpò ìwé ránṣẹ́ sílé, ó sì lè pẹ́ kí ó tó débẹ̀. Lónìí, fídíò ni a ń fi ránṣẹ́. Kí wọ́n tó ká àga ìnáwó kúrò nílẹ̀, ó ti dé Ọ̀fà, ó ti dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun ayọ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá àgbà tó gbé fóònù sójú nílé kì í rí ju òjìji ńlá kan tó gbé òjìji kékeré kan lọ́wọ́. Yóò máa béèrè pé, "Èwo ni ọmọ náà? Ta ló jọ nínú wa?" Kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a kò bá rí ojú, ìdajì ọ̀rọ̀ ti sọnù lọ́nà.

Ohun kejì tó mú wa kọ èyí ni ti àwọn àgbà wa. Àwọn bàbá àti ìyá tó mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe gòkè wá sí ìlú yìí, tó mọ ilé tí olúkúlùkù kọ́kọ́ wọ̀ sí, tó sì lè ki oríkì ìdílé láì wo ìwé, wọn kò pọ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí síbí ló gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ. Àwọn ilé kan ti ń gba ohùn àti àwòrán àwọn àgbà wọn sílẹ̀ nínú fóònù, iṣẹ́ ọpẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé bí fídíò ìkómọjáde kan kò bá dára, a ó tún bí ọmọ mìíràn, a ó sì tún yà á. Bí a bá ya bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún nínú òkùnkùn, a lè má rí i yà mọ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí gbogbo ilé mọ bí a ti ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú ènìyàn, láì ná owó tó pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ìṣòro náà wà. Ojú ènìyàn gbọ́n ju kámẹ́rà fóònù lọ. Bí a bá wọ yàrá tí kò mọ́lẹ̀ tó, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ojú wa yóò ti là sí i, a ó sì máa ríran. Ojú kámẹ́rà fóònù kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, ìmọ́lẹ̀ tó sì lè gbà wọlé kò pọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín, yóò fi agbára fa àwòrán náà kí ó lè mọ́. Èérún kéékèèké yóò wá bo gbogbo rẹ̀ bí eruku ọyẹ́, bí ẹni tí a ń yà bá sì mira díẹ̀, ojú rẹ̀ yóò di bàìbàì. Ìdí nìyí tí fóònù olówó ńlá nínú òkùnkùn kò fi lè tó fóònù pọ́ọ́kú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù tuntun nítorí fídíò, kí ó kọ́kọ́ wo ibi tó ń jókòó sí.

Fèrèsé ni àtùpà àkọ́kọ́, Ọlọ́run kì í sì í gba owó rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a gbé àga sí iwájú fèrèsé, kí fèrèsé wà lẹ́yìn ẹni tí a ń yà. Kámẹ́rà yóò rí ìmọ́lẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn, yóò dín agbára rẹ̀ kù nítorí rẹ̀, ojú ẹni náà yóò sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ yí àga náà padà. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní iwájú ẹni náà, kí ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí ẹrẹ̀kẹ́ kan mọ́ ju èkejì lọ. Ẹni tó ń yàwòrán ni kí ó kọ ẹ̀yìn sí ìhà fèrèsé, kí ó ṣáà ti ṣọ́ra kí òjìji òun fúnra rẹ̀ má bọ́ sórí ẹni tó ń yà. Ìwọ̀n mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ sí fèrèsé dára. Bí ẹ bá sún ẹni náà kúrò lára ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan, òjìji rẹ̀ kò ní lẹ̀ mọ́ ògiri.

Kì í ṣe gbogbo ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló dára. Oòrùn ọ̀sán gangan tó ń ta síni lójú máa ń mú kí a fún ojú pọ̀, ó sì máa ń fi òjìji dúdú sí abẹ́ ìpéǹpéjú àti abẹ́ imú. Bí irú oòrùn bẹ́ẹ̀ bá wọ inú yàrá, ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí fèrèsé náà. Aṣọ náà yóò fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, gbogbo fèrèsé yóò sì di àtùpà ńlá kan. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rántí ni pé bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá bá ti fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò rọ̀ lójú tó. Ibi tó bá kéré, tó sì jìnnà, a máa mú òjìji líle wá.

Àwa tí a wà ní ìlú yìí tún ní àǹfààní méjì tí àwọn ará ilé kò ní tó wa. Èkíní ni ọyẹ́. A máa ń bú u nítorí ètè tó ń là àti eruku tó ń bo àga, ṣùgbọ́n eruku tó bo ojú ọ̀run nígbà ọyẹ́ ń ṣe iṣẹ́ aṣọ funfun tí a sọ lókè yìí. Bí ó bá ti nípọn tó, oòrùn a rọ̀, ènìyàn a sì lè jókòó sí ìta kí ojú rẹ̀ jáde dáadáa. Èkejì ni fèrèsé tó kọjú sí àríwá. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí di ìdá kẹta oṣù kẹta, oòrùn kì í ta tààrà wọ irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ìhà gúúsù ló ń gbà kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ wọlé kì í gbóná, kì í sì í sáré yí padà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ilé yín bá ní irú fèrèsé yìí, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé àga àgbà sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọgbọ́n tálákà ni èyí. Seydou Keïta, ayàwòrán ará Bámákò ní ilẹ̀ Málì, ṣí ilé ìyàwòrán rẹ̀ ní 1948. Nínú àgbàlá, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́, ló ti ya púpọ̀ nínú àwòrán rẹ̀, aṣọ ìbùsùn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Ó kú ní 2001, ṣùgbọ́n àwọn ilé àwòrán ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ fún gbogbo ayé wò. Ògiri, aṣọ àti ojú ọjọ́ ni ohun èlò rẹ̀, àwa náà sì ní gbogbo rẹ̀ nílé.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, ẹ̀gbẹ́ kejì ojú lè dúdú jù. Ẹ má ṣe sáré ra iná kejì. Ẹ wá páálí funfun tó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn méjì, tàbí kí ẹ na aṣọ ìbùsùn funfun sórí àga, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tó dúdú náà, ní ìwọ̀n apá kan sí ojú ẹni náà, níbi tí kámẹ́rà kò ti ní rí i. Funfun yẹn yóò gba ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, yóò sì dá a padà sójú. Ẹ sún un mọ́ ọn, kí ẹ tún sún un sẹ́yìn, ẹ ó sì fi ojú ara yín rí i bí òjìji náà ṣe ń sá.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ àwọ̀ wa. Òtítọ́ tó yẹ kí a mọ̀ ni pé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe fíìmù aláwọ̀ kò fi wá sọ́kàn. Káàdì tí ilé iṣẹ́ Kodak ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n fi wọn àwọ̀, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, aláwọ̀ funfun ni obìnrin tó wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nǹkan ti ń yí padà. Ní 2021, Google gbé fóònù Pixel 6 jáde pẹ̀lú ètò tí wọ́n pè ní Real Tone, kí àwọ̀ dúdú lè jáde bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n fóònù yòówù kí ó wà lọ́wọ́ yín, ohun mẹ́ta yóò ràn yín lọ́wọ́. Èkíní, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí kámẹ́rà lè mọ̀ pé ojú ni a fẹ́ rí, kì í ṣe ògiri. Nínú púpọ̀ fóònù, bí ẹ bá tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò dúró bẹ́ẹ̀ láì tún yí padà. Èkejì, ẹ má ṣe fi ẹni tó dúdú tó wọ aṣọ funfun sí iwájú ògiri funfun. Kámẹ́rà yóò fi funfun ṣe òṣùwọ̀n, yóò sì sọ ojú di èédú. Ògiri aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ilẹ̀, tàbí aṣọ òkè tí a ta sẹ́yìn, sàn jù ú lọ. Ẹ̀kẹta, ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ló yẹ awọ dúdú jù, nítorí pé dídán ara awọ náà ló ń fi bí ojú ṣe rí hàn. Òróró díẹ̀ tí ìyá fi ra ojú ọmọ kò burú, ṣùgbọ́n iná fóònù tó ń kọ mànà láti iwájú yóò sọ ọ́ di àbàwọ́n funfun. Ẹ pa á.

Bí ó bá di alẹ́ ńkọ́? Púpọ̀ nínú wa kì í ráyè àfi lẹ́yìn ìgbà tí a bá ti ṣọ́ọ̀bù. Gílóòbù tí ń bẹ lórí àjà nìkan kò tó, nítorí láti òkè ló ti ń tàn, ó sì ń sọ ojú di kòtò méjì. Ẹ ra gílóòbù LED kan tó funfun, tí agbára rẹ̀ tó wáàtì 9 sí 12, kí ẹ sì fi sínú àtùpà orí tábìlì. LED wáàtì 9 tó dára ń mọ́lẹ̀ tó gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60, kì í sì í gbóná bíi tirẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan iwájú ẹni náà, kí ó ga ju ojú rẹ̀ lọ díẹ̀. Bí ẹni náà bá wọ awò ojú, ẹ tún gbé e ga sí i, kí iná má hàn nínú awò. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá le jù, ẹ kọ ojú àtùpà náà sí ògiri funfun tó wà nítòsí, kí ògiri tàn án padà. Ògiri náà yóò wá di fèrèsé òru.

Ẹ sì fi ọgbọ́n sún iná. Bí gílóòbù bá wà ní mítà kan sí ojú, tí ẹ sún un lọ sí mítà méjì, ìmọ́lẹ̀ tí yóò dé ojú kì í ṣe ìdajì mọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ní mítà mẹ́ta, ó di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Nítorí náà, ẹni tó bá sún gílóòbù kan ṣoṣo láti mítà méjì wá sí mítà kan ti ṣe bí ẹni tó ra mẹ́ta sí i, kò sì ná kọ́bọ̀.

Ohun mìíràn ni àwọ̀ iná. Ẹ ó rí i lára páálí gílóòbù tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K, èyí tó pọ́n bí epo. Tàbí 6500K, èyí tó funfun bí ojú ọ̀sán. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Bí fèrèsé bá ń tàn láti ẹ̀gbẹ́ kan, tí gílóòbù pupa ń tàn láti èkejì, ojú yóò pín sí méjì, apá kan búlúù, apá kan ọsàn. Fún àwọn ìyá wa tó ń ta àńkárá àti léèsì lórí fídíò, èyí kan owó gan-an. Oníbàárà tó rí búlúù nínú fóònù, tó sì gba aṣọ tó jọ ewé, yóò dá ọjà padà, kò sì ní gbàgbọ́ mọ́. Ẹ wo páálí náà bóyá wọ́n kọ Ra tàbí CRI sí i. Èyí tó bá tó 90 ń fi àwọ̀ aṣọ hàn bó ti rí gan-an ju èyí tó jẹ́ 80 lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà tan gílóòbù náà, kí ẹ gbé kámẹ́rà fóònù yín sí i, kí ẹ sì ya fídíò díẹ̀. Iná mànàmáná orílẹ̀-èdè wa ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gílóòbù tí wọn kò ṣe dáadáa sì ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Ojú wa kì í rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń rí i, ìlà dúdú yóò sì máa rìn lójú àwòrán. Bí ẹ bá rí ìlà yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ dá gílóòbù náà padà fún ọlọ́jà.

A mọ̀ pé ẹ ó bi wá pé iná ìjọba dà. Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá ní páwà báǹkì ti ní àtùpà nílé. Èyí tí wọ́n kọ 10,000 mAh sí lára ní nǹkan bíi wáàtì 37 fún wákàtí kan nínú. Bí a bá yọ èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, yóò lè gbé àtùpà LED oníwáyà USB tó jẹ́ wáàtì 5 fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Èyí tó láti gba ọ̀rọ̀ bàbá kan sílẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ títí di òní. Ó tún ní èrè mìíràn: kò ní ariwo. Fídíò tí jẹnẹrétọ̀ ń bú nínú rẹ̀, bí ojú bá hàn, ọ̀rọ̀ kò ní gbọ́.

Ní ti iná roboto bí òrùka tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ring light, a kò sọ pé kí ẹ má rà á. Ẹni tó ń tajà tàbí tó ń kọ́ni lórí fídíò lójoojúmọ́ yóò jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló kẹ́yìn nínú ìlà. Fèrèsé ni àkọ́kọ́, páálí funfun ni èkejì, gílóòbù àti àtùpà tábìlì ni ẹ̀kẹta, àtùpà tó ń lo páwà báǹkì ni ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni kí a tó sọ̀rọ̀ òrùka.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ rèé. Ẹ má ṣe da aṣọ tàbí ìwé bo gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan gbẹ. Ẹ má ṣe na wáyà gba ojú ọ̀nà tí àgbà yóò gbà kọjá. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí inú ilé tàbí sí ẹnu fèrèsé nítorí fídíò kankan, èéfín rẹ̀ ń pani láì jẹ́ kí a mọ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ya àgbà, ẹ ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ tọ́ gbogbo iná sọ́nà kí ẹ tó lọ pè wọ́n, kí ọmọdé kan jókòó sórí àga náà fún ìdánwò. Ẹ má ṣe kọ iná sí wọn lójú tààrà, nítorí ojú tó ní ìṣòro a máa ya wọ́n lẹ́nu pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ni kí ó ti wá. Ẹ ya ìṣẹ́jú kan, ẹ wò ó, ẹ tún un ṣe, kí ẹ tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹ má mú wọn jókòó ju bí agbára wọn ti mọ lọ. Kí ọmọ tó ń yàwòrán sì kúnlẹ̀ kí wọn kí ó tó gbé fóònù sókè.

A rọ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa pé kí olúkúlùkù yín mú àgbà kan ní àdúgbò rẹ̀ kí ọyẹ́ ọdún yìí tó lọ. Ẹ gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ na aṣọ funfun, ẹ béèrè orúkọ bàbá wọn àti ìlú tí wọ́n ti wá, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ ọmọ yín bá béèrè ẹni tí òun jọ, ẹ ó lè fi ojú náà hàn án.